Ta Ló Ní Gọ́ọ̀fù Kì í Ṣe Eré Ìdárayá?

Ọ̀rọ̀ iyàn ni mo gbé wá lónìí. Ẹ dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń pé jọ wo bọ́ọ̀lù, kí ẹnì kan ṣèèṣì yí tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, ẹ ó gbọ́ ariwo. "Ẹ yí i kúrò níbẹ̀ jàre! Ṣé eré ìdárayá nìyẹn náà? Àwọn bàbá olówó tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí koríko, tí ẹlòmíì ń bá wọn gbé ẹrù!" Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ mọ́ ohun tó rí. Agbábọ́ọ̀lù á sáré títí ẹ̀wù rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ á jẹ ẹ̀ṣẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi wú. Onígọ́ọ̀fù á lu bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, á rìn, á dúró ronú, á mu omi. Ó tiẹ̀ lè bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà. Òógùn ni àwọn èèyàn wa fi ń wọn eré, òṣùwọ̀n yẹn gan-an sì ni mo fẹ́ bá wọn jiyàn lé lórí.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan gọ́ọ̀fù ti pẹ́. Ní 1457, nígbà ayé Ọba James Kejì, ilé aṣòfin Skọ́tlándì fi òfin de gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti pa ọfà títa tì, wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù kiri, bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu ibodè. Wọ́n tún òfin náà kà ní 1471, wọ́n tún kà á ní 1491, èyí tó fi hàn pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Ní 1502, Ọba James Kẹrin fúnra rẹ̀ ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù nílùú Perth, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ọrun. Ẹ ò rí i! Ọwọ́ tó yẹ kó máa ṣe ọrun ogun ló ń ṣe ọ̀pá eré fún ọba. Nígbà náà kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì ni eré gidi. Ojú kan náà ni wọ́n fi wo gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù: ohun tó ń fi àsìkò ọ̀dọ́ ṣòfò.

Àwa ayé òde òní la wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyàsọ́tọ̀ náà sì ti gbé àwọn èèyàn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà. Casey Martin ló gbé ẹjọ́ náà wá. Ọmọ ìpínlẹ̀ Oregon ni, òun àti Tiger Woods jọ gbá gọ́ọ̀fù fún yunifásítì Stanford. Àìsàn kan tí wọ́n bí mọ́ ọn wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ rí ọ̀nà padà sókè dáadáa. Ẹsẹ̀ náà ti rù, ìrora kì í fi í sílẹ̀, egungun rẹ̀ sì lè ṣẹ́ níbi tó ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá ti dúró nídìí bọ́ọ̀lù, ọ̀gá ni. Ìrìn láti ìdí bọ́ọ̀lù kan dé òmíràn ni wàhálà rẹ̀. Ó bẹ PGA Tour, àwọn tó ń ṣètò ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gun ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń káàkiri pápá. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìrìn wà lára eré, ẹni tí kò bá rìn kò tíì gbá gọ́ọ̀fù bí àwọn yòókù. Martin bá pè wọ́n lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin 1990 tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara.

Àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká gọ́ọ̀fù wá jẹ́rìí pé bó ṣe ń rẹni lè yí èsì eré padà: Jack Nicklaus, Arnold Palmer, Ken Venturi. Tí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, Venturi ni. Ní ìdíje US Open 1964, ní pápá Congressional lẹ́bàá Washington, ihò 36 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbá lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn, oòrùn sì mú bí ẹni pé ó ń bínú. Omi ara Venturi gbẹ. Dókítà kìlọ̀ fún un pé ó lè kú bó bá padà wọ pápá, ó ní òun ń lọ, dókítà sì ń tẹ̀ lé e káàkiri. Ó gba ife ẹ̀yẹ náà lọ́jọ́ yẹn. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti fòpin sí ihò 36 lọ́jọ́ kan níbi ìdíje ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ síwájú adájọ́, ó sì ṣe ìṣirò. Ìrìn pápá ihò 18 tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ, àwọn èèyàn sì ń fi bíi wákàtí márùn-ún rìn ín, pẹ̀lú ìdúró àti ìsinmi. Gbogbo agbára tó ń gbà lára kò ju kálórì 500 lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní oúnjẹ inú Big Mac kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tó ń gbèjà gọ́ọ̀fù nítorí ìrìn, ẹ gbọ́ o: búrẹ́dì ẹlẹ́ran kan ti san gbèsè ìrìn yín, ṣéńjì sì kù.

Ní oṣù Karùn-ún 2001, adájọ́ méje gbè sẹ́yìn Martin, méjì kọ̀. Adájọ́ John Paul Stevens tó kọ ìdájọ́ náà ní ohun tí gọ́ọ̀fù jẹ́ látilẹ̀wá ni kí èèyàn fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù láti ibi kan títí yóò fi wọ ihò, àti pé nínú òfin eré náà, kò síbi tí wọ́n ti ní dandan ni kéèyàn rìn. Adájọ́ Antonin Scalia kò gbà. Ó bú wọn dáadáa: gbogbo òfin eré ló jẹ́ pé wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ ni, ta wá ló fi adájọ́ joyè ẹni tí yóò máa sọ èwo ló ṣe pàtàkì níbẹ̀? Ó tilẹ̀ fi òfin 1457 ọba Skọ́tlándì ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwàdà Scalia dùn, ó sì ní òótọ́ nínú, nítorí kò sí ìdí kan láyé tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ eré èèyàn mọ́kànlá. Síbẹ̀ Stevens ni mo bá lọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Martin lẹ́yìn tó gba àyè àtigun ọkọ̀. Ó ti gun un níbi US Open 1998 pàápàá, nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ipò 23 ló wà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Kò gba ife ẹ̀yẹ PGA Tour kankan títí tó fi di olùkọ́ gọ́ọ̀fù ní yunifásítì Oregon. Bó bá jẹ́ pé ìrìn ló ń yan ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù gbá, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ì bá ti fìyà jẹ gbogbo wọn.

Nítorí náà, mo yọ ìrìn kúrò. Ìyá tó ń kiri èkọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán rìn ju Tiger Woods lọ, ẹrù sì wà lórí tiẹ̀, kò sẹ́ni tó fi góòlù kọ́ ọ lọ́rùn. Kí ló wá kù nínú gọ́ọ̀fù tí mo fi pè é ní eré ìdárayá?

Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ́. Kí ọ̀ta mìíràn jókòó ti ọ̀pẹ́, kó máa sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́ pé "kó tinú ihò kẹta, fi í sílẹ̀, ó ń tàn ẹ́." Ọ̀pẹ́ á jẹ. Ọwọ́ tó ń ju ọmọ ayò kò ní iṣẹ́ gidi kan tó ń ṣe, ọwọ́ ọmọdé lè ṣe é, ọwọ́ aláàárẹ̀ lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí òǹwòran ẹlẹ́nu ṣíṣí fi ń fa ìjà nídìí ayò: ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tó láti ta ayò náà. N kò fi ayò wọ́lẹ̀ o. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ eré orí pápá lọ. Àmọ́ ara kọ́ ló ń ta á.

Ní gọ́ọ̀fù ẹ̀wẹ̀, òfin fúnra rẹ̀ gbà kí kádì, ẹni tó ń bá onígọ́ọ̀fù gbé àpò ọ̀pá, máa gba ọ̀gá rẹ̀ nímọ̀ràn. Òun ló ń sọ pé atẹ́gùn ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, pé ó ku mítà 140, pé ọ̀pá keje ni kí wọ́n fà yọ nínú ọ̀pá 14 tí òfin gbà, pé bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ níwájú ihò, òsì ni yóò yí sí. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ bi alátakò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọn á ka ẹ̀ẹ̀mejì kún iye ìgbà tí ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Kádì sọ gbogbo rẹ̀ tán, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀gá gbọ́ ọ yéké, ó sì mi orí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá, tó sì lu bọ́ọ̀lù sínú omi. Ìmọ̀ wà, ara kọ̀. Níbi tí ara bá ti lè kọ̀ báyìí, tí ìkọ̀ rẹ̀ sì ń sọ ẹni tó jáwé olúborí, tí òfin àti alátakò sì wà, eré ìdárayá ni mo ń pe ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ohun tí a ní kí ara ṣe. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 42.67. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tó ń gbà á mọ́ni lẹ́sẹ̀, èyí ló ń pa àwọn ẹlẹ́gàn lẹ́rìn-ín. Ẹni tó fẹ́ gbá a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ibi tó ń gbá a lọ. Ní bíbọ̀ wálẹ̀, ìbàdí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí, kí èjìká tẹ̀ lé e, kí apá wá gbẹ̀yìn. Bí apá bá ṣáájú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni apá wọn sì ń ṣáájú. Láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, orí ọ̀pá tó dúró gẹ́ẹ́ lókè ti ń sáré bíi kìlómítà 180 ní wákàtí kan lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣe. Ìfarakàn ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù jẹ́ nǹkan bí ìlàjì nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ojú ò rí i. Ọpọlọ ò sì lè tún un ṣe mọ́. Bí ojú ọ̀pá bá fi dígírì kan ṣoṣo yà, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá fi lọ tó mítà 250, ó ti kúrò lọ́nà ní bíi mítà mẹ́rin, ìyẹn bí kò bá tiẹ̀ tẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ẹnu ihò tó ń wá kò ju mìlímítà 108 lọ.

Ẹ̀yìn ni eré yìí máa ń bà jẹ́. Nígbà tó di 2017, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn Tiger Woods lọ́pọ̀ ìgbà, lọ́dún yẹn ni wọ́n so eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kan mọ́ òmíràn kó tó lè máa rìn láìsí ìrora. Ní 2019 ó gba ife ẹ̀yẹ ìdíje Masters, ẹni ọdún 43. Ṣáájú ìyẹn, ní US Open 2008 ní Torrey Pines, ihò 91 ló fi ẹsẹ̀ òsì tí eegun rẹ̀ ti sán, tí iṣan orúnkún rẹ̀ sì ti já, gbá kó tó borí Rocco Mediate. Ẹ bá mi wá ẹni tí ayò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹjọ́ kan tún wà tó bá ibi tí mo ń lọ mu. Ní 2015 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta bridge, eré káàdì kan, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní London nítorí pé Sport England, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá níbẹ̀, kò ka eré wọn sí eré ìdárayá. Wọ́n pàdánù. Nígbà tó di 2017, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù náà ní bridge kò yẹ fún àánú owó orí tí òfin ṣe fún eré ìdárayá, nítorí ohun tí ara ń ṣe níbẹ̀ kò tó nǹkan. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Sọ káàdì tó yẹ kí n jù sílẹ̀ fún mi, màá jù ú bí ọ̀gá.

Ẹlòmíì á ní, tó bá jẹ́ pé eré ara ni, báwo ni arúgbó ṣe ń gbá a? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ní 2009, Tom Watson, ẹni ọdún 59, tí wọ́n ti pààrọ̀ eegun ìbàdí rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, gbá ìdíje The Open dé ihò tó kẹ́yìn ní pápá Turnberry. Ìgbá kan tí kò wọlé lórí koríko ló já ife ẹ̀yẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Stewart Cink sì borí rẹ̀ nínú àfikún. Phil Mickelson gba PGA Championship ní 2021 lẹ́ni 50 ọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í lé èèyàn kúrò níbi tí ìfojúsùn bá ti ju eré sísá lọ. Oscar Swahn ará Sweden gba fàdákà nínú ìbọn yínyìn ní Òlíńpíìkì 1920 lẹ́ni ọdún 72.

Òlíńpíìkì tí mo dárúkọ yẹn, mi ò fi ṣe ẹ̀rí o. Òótọ́ ni pé gọ́ọ̀fù wà níbẹ̀ ní 1900 àti 1904, tó sì padà ní 2016 lẹ́yìn ọdún 112, tí Justin Rose àti Inbee Park gba góòlù. Ṣùgbọ́n láti 1912 sí 1948, Òlíńpíìkì ń fún àwọn ayàwòrán àti akéwì náà ní àmì ẹ̀yẹ. Ohun tó wù wọ́n ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní 1900, Margaret Abbott ará Amẹ́ríkà borí nínú gọ́ọ̀fù obìnrin ní Paris, ó sì kú ní 1955 láìmọ̀ pé ìdíje Òlíńpíìkì ni òun gbá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta àwọn èèyàn wa lẹ́sẹ̀. Ọgbà tó yí pápá ká ló ń bí wa nínú, a wá ń gba ìbínú náà sórí eré inú rẹ̀. Póólò náà wà, owó tirẹ̀ tún ju ti gọ́ọ̀fù lọ, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kì í ṣe eré ìdárayá. Bóyá nítorí pé ẹṣin ń làágùn níbẹ̀. Ọkùnrin oníkùn ńlá tó ń gun ọkọ̀ kékeré káàkiri pápá lọ́jọ́ Sátidé, tó ń na káńtíráàtì sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ihò kẹta, fàájì ló ń ṣe, ẹ jẹ́ kó ṣe é. A kì í torí pé àwọn bàbá kan ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ládùúgbò láàárọ̀ Sunday, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ká ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré gidi.

Ìyà rẹ̀ ni pé ohun ńlá ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa tí a ò gbọ́. Ní ìdíje gọ́ọ̀fù Nigerian Open 1978, ọ̀dọ́mọkùnrin Skọ́tlándì kan, Sandy Lyle, gbá 61 lọ́jọ́ kìíní, 63 lọ́jọ́ kejì, ó sì borí. Òun ló gba The Open ní 1985 àti Masters ní 1988. Ní 1981, Peter Tupling ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá ihò 72 ní pápá Ìkòyí l'Ékòó pẹ̀lú ìgbá 255, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dín sí iye tí wọ́n kà sí déédéé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ pápá nílẹ̀ yìí ni kò ní koríko níbi tí ihò wà. Iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ni, bráùn ni wọ́n ń pè é, èèyàn sì máa ń fi igi tẹ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù kó tó gbá a, kí ipasẹ̀ ẹni tó ṣáájú má bàa yí i sọ nù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kádì. Wọ́n gbé àpò ọ̀gá lọ sí ihò 18, wọ́n ń wo ìbàdí rẹ̀ bó ṣe ń yí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọ̀gá bá ti lọ jẹun, wọn á fi ọ̀pá kan tí ẹnì kan ti pa tì dán an wò lẹ́yìn ọgbà. Kò pẹ́ tí ọmọ náà yóò fi máa na ọ̀gá rẹ̀. Bí owó bá ló ni eré yìí, báwo lèyí ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Ẹni tó bá gba òṣùwọ̀n mi yìí, kó mọ̀ pé ó ń kó àlejò wọlé. Dáàtì wọlé, snúkà wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tó lè bá èèyàn gbá snúkà. Wàhálà ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ lè sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe fún mi, àtàǹpàkò mi kò ní yá tó, wọn á pa mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn adájọ́ Yúróòpù lè ní ohun tí ara ń ṣe níbẹ̀ kéré jù. Èmi ò lè sọ ibi tí àtàǹpàkò ti parí tí ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀, torí náà mo gbà wọ́n wọlé, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ta géèmù di òru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò.